Ìyá Rẹ Àgbà àti Ẹ̀kọ́ Orí Kọ̀ǹpútà

Rim, ọmọ ọmọ mi,

Ọbẹ̀ ẹja wà lórí ààrò, jẹun. Ìyá rẹ àgbà jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ láàárọ̀, níbi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nípa ọpọlọ ẹ̀dá tí o ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rọ fi ọ̀rọ̀ mẹ́wàá hàn án, ó ní kó ka èyí tó rántí. Kò rántí ẹyọ kan.

“Òpùrọ́ ni nǹkan yìí o! Kí ló fi hàn mí?” Ó wá yíjú sí mi: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni Mokhtar ọkọ mi máa ti Marseille dé?”

Ogún ọdún ni èmi Mokhtar fi í sílẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo ní ọkọ rẹ̀ ti wà lọ́nà.

Ó ti wọ aṣọ ìbora funfun rẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ, ṣùgbọ́n ó rò pé èbúté ni, láti lọ pàdé mi. Tí a bá dé, má bá a jiyàn.