Àbúrò Mi Tó Wà ní Kánádà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà ẹjọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Mo ti yí orúkọ àwọn yòókù padà. Punjab níbí, ní Íńdíà, ni mo wà.

Bí oògùn olóró ṣe ń di bárakú ni mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Yunifásítì kan ní Kánádà ti wá ní kí n máa bá ìwádìí náà lọ lọ́dọ̀ àwọn. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni bàálù mi.

Oògùn yìí kan náà ló ń pa àbúrò mi, Jashan, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Nítorí ìtìjú, màmá wa sọ fún gbogbo àdúgbò pé Kánádà ló lọ. Tí mo bá ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á ní, "Kí wọ́n lè rí i? Ta ló máa wá fẹ́ ọ?"

Lánàá, aládùúgbò wa kan gbé pinni wá, àdídùn tí wọ́n máa ń jẹ nígbà òtútù. Ó ń pariwo nísàlẹ̀ pé, "Ọmọ mi, bá mi gbé e fún Jashan o! Òtútù ibẹ̀ ò dáa." Màmá mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúpẹ́.

Mo gbé pinni náà gòkè. Jashan ń gbọ̀n lórí ẹní. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi kí Jashan."

Ṣé kí n lọ ni, àbí kí n bọ́ sójú títì kí n kígbe pé àbúrò mi ò lọ ibì kankan? Ẹ dákun, ẹ sọ èsì yín sókè lórí afẹ́fẹ́. Màmá mi kì í pa rédíò yín, Jashan náà sì máa ń gbọ́ ọ látòkè.