Ọṣẹ Mi àti Kàyé Tó Lé Ewúrẹ́ Wọgbó

Ifangni, ọjọ́ kejì ọjà Daagbé

Ọkọ mi, ará Kùtọnù,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi ṣe yẹ̀yẹ́. Kíláàsì CE2 ni mo ti kúrò ní iléèwé, ẹ sì mọ̀ kí ẹ tó fẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kì í tètè wá sí mi lọ́wọ́, tó bá sì dé, gbogbo rẹ̀ ló máa ń dé pọ̀ bí adìyẹ tí wọ́n da àgbàdo sílẹ̀ fún. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìlàágùn. Ọwọ́ tí ẹ fi ń to lẹ́tà jọ níbi ìtẹ̀wé yẹn, kí Ọlọ́run jẹ́ kó máa to ire jọ fún wa. Ẹsẹ̀ kò dun Ìyá yín mọ́. Gbàgúdá ẹ̀yìnkùlé ti yọ ewé. Scholastique, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín, kí yín, ó ní kí ẹ má gbàgbé bàtà òun.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọṣẹ mi. Ẹ rántí pé Ìyá ti ní bí ọṣẹ náà kò bá rí oníbàárà kí ọjọ́ ọjà Daagbé tó pé, kí n gbé ìkòkò ọṣẹ fún Scholastique kó máa fi se ẹyìn, kí èmi máa bá wọn lọ oko. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ̀wé sí yín, tí ẹ fi dá mi lóhùn pé ọ̀gá yín kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ pé ẹni tó fẹ́ polówó ọjà kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo, kó lọ bi àwọn tó máa rà á ní ohun tó ń dùn wọ́n, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fi ohun tí kò ní di pàǹtí di ọjà rẹ̀. Mo gba lẹ́tà yẹn gbọ́ bí àdúrà.

Mo mú kàyé, ìwé ìkọ̀wé tí mo lò níléèwé, àti bíìkì tí mo fi ń kọ ọ́, ó di abúlé Tchaada. Ilé tí mo bá dé, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ṣí kàyé, mo béèrè orúkọ, iye ènìyàn inú ilé, àti ohun tó ń dùn wọ́n. Mi ò dárúkọ ọṣẹ rárá, torí ẹ ní kí n má pariwo. Ọkọ mi, wàhálà dé. Ní ilé kejì, wọ́n lé ewúrẹ́ wọgbó. Ní ilé kẹta, bàbá kan ní òun kò níyàwó, bẹ́ẹ̀ ìyàwó mẹ́ta ń bó gbàgúdá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíì na ìkúùkù sókè, ó pariwo bí àwọn ará ìjọba pé ìjà Ìyípadà ń bá a lọ, kó tó dá mi lóhùn pé kò sí ohun tó ń dun òun láyé. Wọ́n rò pé mo ń kọ orúkọ fún owó orí ni, tàbí fún oko àjùmọ̀ro.

Lọ́jọ́ kejì ni Jẹ́láàní, délégé wa tó ń ṣojú ìjọba níbí, pè mí. Ó ka orúkọ inú kàyé tán, ó ní, “Odile, ta ló rán ọ?” Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ìyàwó ọ̀ṣìngín á la ẹnu pe orúkọ ọkọ rẹ̀ níwájú àgbà? Mo ní ẹni tó wà ní Kùtọnù ni. Ó ní ẹni wo ní Kùtọnù? Mo ní ẹni tí mi ò lè dárúkọ. Ó dìde, ó fún mi ní àga tirẹ̀, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Kí n tó mu omi tán, ó ti ránṣẹ́ kó gbogbo obìnrin Tchaada jọ sí etí odò, pé kí wọ́n wá dá ìjọba lóhùn.

Nígbà tí wọ́n pé jọ, kàyé ọwọ́ mi ni gbogbo wọn ń wò. Mo bú sẹ́kún. Màmá Fáwùmí, àgbà wọn, wá bi mí pé kí ni mo ń fẹ́ gan-an, mo ní ọṣẹ ni mò ń tà. Ó ní, “Ọṣẹ? Torí ọṣẹ ni ewúrẹ́ mi ṣe sùn nínú ẹ̀gún?” Inú bí i, ó sì sọ òótọ́ tí ìwà pẹ̀lẹ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi: pé ọṣẹ mi a máa bọ́ lọ́wọ́ sódò, pé ewé tí mo fi ń dì í máa ń tú, iyẹ̀pẹ̀ á wọ̀ ọ́, pé ìdí nìyẹn tí àwọn fi ń ra ti Nàìjíríà tó wọ bébà aláràbarà. Ni gbogbo wọn bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, èébú lọ́tùn-ún lósì. Mi ò kọ ìkankan sílẹ̀, mi ò sì gbàgbé ìkankan.

Mo já kànìnkàn nínú igbó, mo lù ú, mo hun ún bí àpò kékeré, mo fi okùn sí i tó máa wọ ọrùn ọwọ́, mo ki ọṣẹ sínú rẹ̀. Kò lè bọ́ sódò mọ́. Bí ọṣẹ bá tán, kànìnkàn kù tí wọ́n á máa fi wẹ̀. Mo fi àkọ́kọ́ bẹ Màmá Fáwùmí nítorí ewúrẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló polówó fún mi. Lánàá ní Daagbé, oòrùn ò tíì kan àtàrí tí gbogbo rẹ̀ fi tán.

Ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Jẹ́láàní ń pè é ní ọṣẹ ìjọba, ó ń pè mí ní kámárádì, ó sì ń dìde fún mi lójú ọ̀nà níṣojú Ìyá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wálé, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ rán mi, kì í ṣe ìjọba, torí èmi ò lè pe orúkọ yín. Ẹ fi owó àdín díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú. Bí ẹ bá sì tún rí ẹ̀kọ́ tuntun kọ́, ẹ kọ́kọ́ bi mí ní ohun tó ń dùn mí. Ibi tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀, kó rọ̀ yín lọ́rùn. Ilé tí a ó jọ gbé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ dúró ná, Ìyá ń pè mí. Ìdí ìkòkò ọṣẹ ni wọ́n wà, wọ́n ti ká aṣọ sókè, wọ́n ní àwọn ti ń ro ọṣẹ láti àárọ̀, ọwọ́ ti ń dun àwọn, kí n fi ìwé sílẹ̀ kí n wá bá àwọn rò ó.