Wọ́n Ń Ka Iṣẹ́ Yín Níbí

Uwasota, Benin,
Oṣù Kẹfà, 1984.

Bọ̀dá mi Múyìwá,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Leeds. Àlàáfíà la wà. Òjò ti ba ọ̀nà ilé wa jẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ mi ṣì ń rọ́nà dé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní báńkì.

Ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ń ka ohun tí ẹ ń kọ nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbọ́ o. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tún dá Comfort ọmọ mi dùbúlẹ̀, mo sì gbé e lọ sí ọsibítù. Bí dókítà ti ń ṣàlàyé bí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gbẹ, tó sì ń tẹ̀ bí dòjé, mo ní ẹ̀gbọ́n mi, Múyìwá Èṣùbíyì, ló ń wádìí rẹ̀ lókè òkun.

Ó dìde. “Èṣùbíyì yẹn? Iṣẹ́ rẹ̀ la fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa!”

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ títí, bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́. Orí mi wú.

Comfort ti ń jẹun. Ó ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “Uncle, abeg, no tire.” Èmi náà bẹ̀ yín. Olúwa á fún yín lókun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí tí ẹ kọ kẹ́yìn ránṣẹ́ sí dókítà náà. Ó ní òun ti ń wá a kiri.

Àbúrò yín,
Olúbùnmi.