Kumasi Tó Kú Sínú Ọkọ̀ Ogun

                                        Ilé Ìyá Àúdù,
                                        Alabar,
                                        Kumasi, Ghana.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, Oṣù Karùn-ún, 2025.

Sàbírátù, ọmọ ìyá mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Màámi ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti gbà kí wọ́n máa kírun lórí ìdúró? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun yín, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn, àbí ó ṣì ń wo gbogbo wa bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè? Mo kí gbogbo ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ara èmi le, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò tíì padà sí àyè rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mi ò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù. Gbogbo agbo ilé yìí ló gbọ́ Yorùbá, tí mo bá sì rẹ ohùn sílẹ̀, ìwọ á kàn máa ní "kí lo wí?" títí ìpè á fi já.

O béèrè bóyá mo ti ní ọ̀rẹ́. Mi ò tíì ní. Twi, èdè àwọn ará ibí, kò tíì yọ̀ lẹ́nu mi. Tí mo bá fẹ́ ra kẹ́ńkẹ́, ẹ̀kọ tí wọ́n ń jẹ níbí, ìka ni mo ń nà sí i. Ní kíláàsì, ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó, mo sì mọ bàtà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ju ojú wọn lọ. Ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ jù ni Ìyá Àúdù tó ni ilé tí mo wọ̀ sí. Ará Ìlọrin ni àwọn òbí wọn, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n á fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á fi Twi parí rẹ̀, wọ́n á wá fi Hausa bú ewúrẹ́ tó bá fẹ́ jẹ aṣọ lórí okùn.

Ọkọ wọn ti lọ láti ìgbà tí Àúdù, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ṣì wà lẹ́yìn wọn. Fítà ni, ìyẹn ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì. Ó ní òun ń lọ ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní etíkun, kò sì padà wálé. Nígbà tó yá, ẹnì kan búra pé òun rí i pẹ̀lú obìnrin ní Abidjan. Ohun tí gbogbo Alabar gbà nìyẹn, òun náà ni ìyá gbà. Ẹni tó bá béèrè ọkọ wọn lónìí, "Ó wà ní Abidjan" ni wọ́n á wí. Ní ọjọ́ ọdún ìtúnu ààwẹ̀, nígbà tí oníkálukú ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ní, "Mo foríji gbogbo ayé, ó ku ẹnì kan." Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín, torí pé ọdọọdún ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo ti sọ fún ọ pé olùkọ́ wa kan, Ọ̀gá Cornelius, ní kí n máa ran òun lọ́wọ́ lórí ìwé ìròyìn ìtàn kékeré tí òun ń tẹ̀ jáde. Ìtàn ọkọ̀ ojú omi ogun ló wà lọ́wọ́ wa báyìí. Baba kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, Fuseini tó ń gbé Tamale, ló kọ ọ́. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gé e, kí n tún un tò.

Baba Fuseini kọ ọ́ pé omi já wọ yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn lójú òkun. Ọkùnrin kan tí kì í ṣe ológun, tí wọ́n háyà fún ìrìnàjò yẹn nìkan, dúró sínú omi kí ẹ́ńjìnnì má baà kú títí wọ́n á fi dé èbúté. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí omi má baà gba gbogbo ọkọ̀. Àwọn tó kù yè. Òun nìkan ló kú, Takoradi ni wọ́n sì sin ín sí. Ìlú tí oníkálukú ti wá ni wọ́n fi ń pe ara wọn nínú ọkọ̀ náà, nítorí náà Kumasi ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀gá Cornelius fi bíró pupa kọ nǹkan méjì sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ti ilẹ̀kùn náà. A ti bi Baba Fuseini léraléra, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gé Kumasi kù sí gbólóhùn kan, torí pé ẹni tí kò lórúkọ kò lè gba odidi ojú ewé mọ́ àwọn tó lórúkọ lọ́wọ́.

Àṣà kan wà tí ọ̀gá yìí kì í yẹ̀. Kí a tó tẹ ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ kà á sókè fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ibi tí ojú olùgbọ́ bá ti kúrò lára wa, a mọ̀ pé ibẹ̀ ló bàjẹ́. Àwọn yòókù máa ń ka tiwọn fún ọ̀rẹ́. Èmi tí kò lọ́rẹ̀ẹ́, Ìyá Àúdù ni mo kà á fún ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀pà. Mo ní kí n ka gbogbo rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí gé e, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Ojú wọn kò tilẹ̀ sí lára mi. Mo wá dé ibi tí Baba Fuseini ti kọ ọ́ pé irin lílù ti di etí Kumasi, nítorí náà, tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, yóò fi eyín di orí ọ̀pá irin mú, yóò fi ìdí rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì, yóò sì dijú.

Ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀pà.

"Eyín apá wo?" ni wọ́n bi mí.

Mo wo ìwé. Mo ní apá òsì ni, torí pé ti ọ̀tún ti kán.

"Èkùrọ́ ló kán an," ni wọ́n wí. "Mo ní kó fi òkúta fọ́ ọ. Kò gbọ́."

Sàbírátù, ọkọ Ìyá Àúdù ni Kumasi. Ọkùnrin yìí ti wà lábẹ́ bíró mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi sì ń jẹ nínú abọ́ ìyàwó rẹ̀. Ká ní mo ti gé e kí n tó kà á ńkọ́? Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Alabar yìí ti ju ogójì lọ.

Ìyá kò sunkún. Wọ́n ní kí n pe ẹni tó kọ ọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni Àúdù wọlé láti Santasi níbi tó ti ń wa takisí. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìsáǹsá ló ti ń pe bàbá rẹ̀ láti kékeré.

Hausa ni ìyá àti Baba Fuseini fi sọ̀rọ̀. Àúdù ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ìyá sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ fún baba. Ìyá bi í bóyá ọkọ wọn pariwo. Ó ní rárá.

"Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n tì í," ni baba wí. "Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn."

Ó ní òun kírun sí i lára, òun sì wá ilé rẹ̀ wá sí Kumasi nígbà náà, ṣùgbọ́n ìlú tóbi, òun kò sì mọ orúkọ tí òun lè fi béèrè. Ó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìyá foríji òun. Ìyá dá a lóhùn.

"Fuseini, gbogbo ìbínú mi ni mo ti ná lórí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Kò ku tìrẹ nílẹ̀ mọ́."

Baba bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ orúkọ ọkùnrin náà fún òun. Ìwọ náà mọ àwọn ìyá wa, wọn kì í pe ọkọ wọn lórúkọ. Láti ìgbà tí mo ti dé ilé yìí, "Baba Àúdù" nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn. Àúdù na ọwọ́ láti gba fóònù kó lè bá wọn sọ ọ́. Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Àfísù," ni wọ́n wí. "Àfísù ọmọ Sàlàkọ́."

Wọ́n sì fi ìbòrí bo ẹnu bí ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé.

Nígbà tí mo ròyìn fún Ọ̀gá Cornelius, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, kò sì rántí wọ̀ ọ́ mọ́ títí mo fi jáde. Ó ní kí n fi gbogbo ojú ewé náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí n má gé nǹkan kan níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo la fi kún un, Baba Fuseini ló sì fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀: "Èmi Fuseini ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ Àfísù Sàlàkọ́."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ òní, Máàlàmù Màmúdù, àlùfáà àdúgbò wa, wá kí ìyá. Ìyá bi í nípa tákábà, bí àwọn Mùsùlùmí ibí ṣe ń pe opó ṣíṣe. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ ti kú ni a ti ń kà á. Ó ti kọjá tipẹ́, kò sí lọ́rùn wọn mọ́. Ìyá ní, "Ó dáa. Ìgbà wo ni mo wá ṣe é tán?" Máàlàmù ń yí tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, Àúdù yóò wa ìyá lọ sí Takoradi láti rí sàréè náà. Wọ́n ní dandan ni kí n bá wọn lọ, torí pé èmi ni mo mú ọkọ àwọn wálé. Èmi tí mi ò rí òkun rí.

Bá mi kí Màámi, kí o sì bá mi gbé ọmọ náà jó díẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ìyá wà ní ìdí ààrò, wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Wọ́n ń pe orúkọ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ahọ́n tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò. Ìwọ náà, lọ́jọ́ kan tí kò bá sí ẹlòmíràn nílé, pe ọkọ rẹ lórúkọ.

Tìrẹ ni mí, bí mo tilẹ̀ jìnnà,
Tòyíbàt.