Òkúta Tí Mo Bá Àwọn Àlejò Fọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Olúwa tó jẹ́ kí n jí lónìí kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Ara mi le koko, ewúrẹ́ wa ti bímọ, ọpẹ́ ló pọ̀ jù nínú ìwé yìí.

O rántí òkúta funfun oníhò wẹ́wẹ́ tí omi ìsun wa ń mọ díẹ̀díẹ̀, èyí tí a máa ń rí àmì ewé nínú rẹ̀? Àwọn onímọ̀ òkúta wá wò ó bóyá yóò ṣe é fi ṣe sìmẹ́ńtì. Wọ́n ní tó bá dára, wọn yóò wó ilé wa, torí orí rẹ̀ gan-an la kọ́lé sí. Oorun dá lójú mi. Síbẹ̀ àlejò ni wọ́n, mo ní kí wọ́n máa kó òkúta tí ẹ̀rọ wọn ń gbẹ́ jáde sí pálọ̀ mi, roboto bí ọmọ odó, nínú àpótí.

Lọ́jọ́ kan mo rí ọ̀gá wọn tó kán omi kan sí òkúta, ẹ̀kán kan péré, ni òkúta bá ń hó yaya. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní irú ọṣẹ ọ̀wọ́n wo lèyí tó ń ṣún lò báyìí, ìgbà wo ló máa fọ gbogbo rẹ̀ tán? Bí wọ́n ṣe jáde, mo kó gbogbo òkúta síta, mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ tèmi fọ̀ ọ́, mo ha nọ́ńbà tí ẹnì kan ti fi yíǹkì kọ jágbajàgba sí i lára kúrò, mo wá tò ó padà, èyí tó rẹwà lókè, èyí tí kò rẹwà nísàlẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di orí mú. Mo ní kó má wulẹ̀ dúpẹ́, pé ara wa náà ni. Awakọ̀ wọn ló wá ṣàlàyé fún mi pé omi tó ń hó yẹn kì í ṣe ọṣẹ, ásíìdì tí wọ́n fi ń dán òkúta wò ni, pé nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń mọ òkúta tó wà lókè àti èyí tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, wọ́n ní láti tún ilẹ̀ gbẹ́ nìyẹn. Ojú tì mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀.

Àṣé oore ni. Wọ́n sún síwájú díẹ̀ láti tún un gbẹ́, ni ẹ̀rọ bá já sínú ihò ńlá tí omi kún. Ọ̀gá ní ibẹ̀ ni omi tí gbogbo abúlé ń mu ti ń wá, pé táwọn bá wa òkúta náà, omi á gbẹ, nítorí náà àwọn ò wa á mọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó wá bẹ̀ mí kí n má fọ nǹkankan fún òun mọ́ láyé.

Yàrá tí o bá mi wá nígboro nígbà tí mo ránṣẹ́ sí ọ pé wọ́n fẹ́ wó ilé, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, mi ò wá mọ́. Jọ̀ọ́, owó tí o fẹ́ san fún un ni kí o fi ránṣẹ́. Òrùlé wa ń jò láti ìgbà táwọn àlejò ti dé, mi ò fọwọ́ kàn án, torí mo rò pé wọ́n máa wó o ni. Ọlọ́run á bù kún ọ, o ò ní rìn nígbà tí ebi ń pa ọ̀nà. Bí o bá ń bọ̀, má béèrè ibi tí mo kó lọ. Ilé wa náà ni kí o wá bá mi.

Èmi ìyá rẹ