Hẹdifóònù Tí Mo Rà ní Kémta

Ọjọ́rú, 1984

Ojú tì mí lónìí.

Hẹdifóònù mẹ́ta ni mo dán wò ní ṣọ́ọ̀bù, torí kásẹ́ẹ̀tì tí ọkọ mi sọ̀rọ̀ sí láti Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tí kò jẹ́ kí n gbọ́ ariwo mọ́tò rárá ni mo rà. Mi ò tiẹ̀ ní kí ẹlòmíràn fi sétí, kí n wò ó bóyá ohùn ń jáde síta.

Mo délé, mo fi sétí, mo tan kásẹ́ẹ̀tì náà. Mi ò gbọ́ ìgbà tí ìyá ọkọ mi wọ pálọ̀. Ọkọ mi ń pè wọ́n ní àgbà ọ̀kánjúwà, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà, oníranù, mò ń bá a rẹ́rìn-ín.

Mo yíjú, mo rí wọn lẹ́yìn mi. Mo yọ ọ́ létí. Ohùn ọkọ mi ń dún ketekete lọ́wọ́ mi.

Màmá ní, "Ẹ̀rín ọmọ mi ò tíì yí padà."