Pèrègún Tí Mo Fà Tu Ti Tún Yọ

Èmi ni mo sún ààlà ọ̀nà, ẹlòmíràn ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi rẹ̀... Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ dákun, ẹ má béèrè orúkọ mi. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó kọ́ ìwé lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù, tó wá kí mi láti Èkó, ló ń bá mi kọ ọ́, òun náà kò sì gbọ́ ọ rí àfi lónìí.

Nígbà tí gbogbo wa kó jọ ṣe ìlú kan ní Ṣàgámù níbí, wọ́n pín ọ̀nà tó lọ sí ìlú Ìpara fún agboolé kọ̀ọ̀kan pé kí kálukú máa ro tirẹ̀, wọ́n sì gbin pèrègún síbi tí ti ẹnì kan parí tí ti èkejì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ló ń ro tiwa. Ó kú, àwọn ọmọ mi lọ sí Èkó, ló bá ku èmi àti ọkọ́. Ibi tó burú jù ní tiwa ni ibi tí àgbàrá ti gbẹ́ kòtò, koríko ibẹ̀ ga jù mí lọ, ejò wà níbẹ̀... kí ni kí n ṣe? Láfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kan mo fa pèrègún wa tu nídìí igi orógbó, mo gbé e kọjá kòtò wá sọ́dọ̀ tèmi, mo gbìn ín, kí kòtò lè di ti ọkùnrin aládùúgbò mi tí ọ̀nà tirẹ̀ tẹ̀ lé tiwa. Ẹni tó ń pè mí ní ìyá ni o! Ẹni tó ń gbé iṣu wá fún mi! Mo rò pé yóò kàn ro ó mọ́ tirẹ̀ ni. Kò tilẹ̀ wo pèrègún. Ìdí orógbó tí bàbá rẹ̀ máa ń ro ọ̀nà dé ni òun náà ń ro ó dé. Èmi ò ro kòtò, òun ò ro kòtò, koríko bò ó mọ́lẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, obìnrin Ìpara kan tó ru epo já sínú rẹ̀, itan rẹ̀ ṣẹ́. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé mi, mi ò jáde lọ wò ó... Wọ́n pe aládùúgbò mi síwájú àwọn àgbà, ó ní orógbó ni ààlà òun. Olórí àdúgbò ní, "Orógbó ni yóò wá jẹ́rìí fún ọ, àbí? Ìwọ tí o kò rí pèrègún, ṣé o ń rí ẹran nínú ọbẹ̀?" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín... ẹ gbọ́ o, èmi náà rẹ́rìn-ín!

Ọkùnrin náà kò gbà. Ni wọ́n bá ní lọ́jọ́ ọdún Ògún, tó ku oṣù méjì, èmi àti òun tí ọ̀nà wa pààlà yóò fi ahọ́n kan irin létí kòtò náà, kí a búra. Ẹni tó bá purọ́ lórí irin, wọ́n ní kò ní rí ọdún mìíràn. Tí mo bá sì jẹ́wọ́ ńkọ́? Tí wọ́n bá lé mi, ibo ni mo fẹ́ forí lé pẹ̀lú ọjọ́ orí yìí? Lánàá ló tún gbé iṣu wá, ó ní, "Ìyá mi, ẹ má fòyà. Àwa méjèèjì ò kúkú mọ nǹkan kan, irin ò ní mú wa." Mi ò lè se iṣu náà. Ó wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Èyí tó wá ń lé oorun lójú mi nìyí: gbòǹgbò pèrègún tó kù nídìí orógbó ti hù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti já a. Lówùúrọ̀ yìí, ó tún ti yọ, ewé méjì, tútù yọ̀yọ̀... Ọmọ ọmọ mi ní òun mọ ohun tí òun ì bá ṣe, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò fi ahọ́n kan irin. Ṣé kí n tún lọ já a? Àbí kí n mú aládùúgbò mi lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, kí n ní kó wò ó? Ẹ̀yin ará, ẹ fèsì kí ọdún Ògún tó dé, nítorí ewé yẹn ń ga sí i.